Iṣẹ́ Lórí Òṣùpá

Ní Ìṣẹ́, bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ńṣe ló máa ń dùbúlẹ̀ bí igbá tí wọ́n ṣí sílẹ̀ de òjò. Ní ìlú òyìnbó tí mo wá, ó ń dúró ni. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé wọ́n fà á dìde, tó wá fi ẹ̀yìn ti nǹkan tí èmi kò rí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, mo wà ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú àpò oúnjẹ lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì mi dé, ó lọ, mi ò wọ̀ ọ́.

Mo mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Ayé rí róbótó. Ẹni tó ń gbé nítòsí àárín rẹ̀, bí àwa ará Èkìtì, àti ẹni tó ń gbé ní apá òkè rẹ̀ kò lè máa wo òṣùpá láti igun kan náà. Mo lè ya á sórí bébà fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ṣùgbọ́n mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò ràn mí lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé èmi àtòun jọ ti ilé wá ni, òun náà sì ti yí ìjókòó padà.

Èmi kì í yára sọ pé nǹkan dùn mí. Bí ẹnìkan bá ní òun ń ṣàárò ilé, mo máa ń bi ara mi pé kí gan-an ló ń ṣàárò: ṣé ènìyàn ni, àbí oúnjẹ, àbí ọjọ́ orí tó wà nígbà tó ń gbé níbẹ̀? Nítorí náà mo yẹ tèmi wò. Mo rí i pé ènìyàn ni. Ìyá tó bí bàbá mi ni.

Ìyá tó bí èmi fúnra mi kú nígbà tí èmi àti àbúrò mi obìnrin, Fọlákẹ́, ṣì kéré. Ìyá bàbá wa ló tọ́ wa, "Ìyá" lásán la sì ń pè é, nítorí kò sí ìyá mìíràn nínú ilé tí a ó fi ìyàtọ̀ sí. Ọmọ Ẹmùré ni, ó lọ́kọ sí Ìṣẹ́. Mo ti dàgbà tó ẹni tí ń fá irùngbọ̀n, kò yé pè mí ní "ọkọ mi" níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo kúrò nílé, ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ tuntun débi pé orúkọ Òndó ṣì ń yọ lábẹ́ ọ̀dà tí wọ́n fi kun pátákó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá ràn sí i, orúkọ méjèèjì lèèyàn máa ń rí kà pọ̀.

Ìdákẹ́ ìlú òyìnbó ló tún kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ọkùnrin kan wà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Mo kí i ní gbogbo àárọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó bi mí pẹ̀lú sùúrù bóyá nǹkan kan wà tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Láti ìgbà náà, mo máa ń fetí sí ilẹ̀kùn kí n tó jáde, kí n má bàa pàdé rẹ̀ kí ìkíni tún bọ́ lẹ́nu mi.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ jẹ́ obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun pátápátá, ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó ní kí n máa pe òun ní Helen. Ó pẹ́ kí n tó lè ṣe é. Mo máa ń rìn yí tábìlì ká títí ojú wa yóò fi ṣe mẹ́rin, kí n tó la ẹnu, kí n má bàa nílò orúkọ kankan. Ó ṣàkíyèsí. Ó bi mí bóyá mò ń bẹ̀rù òun ni. Mo ní rárá o, pé nílé wa, orúkọ ẹni tó bá dàgbà tó òun kì í ṣe ti irú èmi láti pè. Ó ní kí n wá èyí tí mo bá lè pè. Mo pè é ní Mà. Láìpẹ́, gbogbo yàrá ìṣèwádìí wa ti ń pè é ní Mà. Àwọn òyìnbó ibẹ̀ rò pé orúkọ ìnagijẹ ni.

Nígbà tí Helen wà ní ọ̀dọ́langba, ó jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n bàbá rẹ̀, ó ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń rìn lórí òṣùpá. Mo rò pé kò dìde kúrò níbẹ̀ títí di òní. Inú ń bí i pé wọ́n lọ, wọ́n kó òkúta, wọ́n padà wálé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Lójú tirẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn ti máa gbé níbẹ̀ báyìí, kí wọ́n máa kọ́ bí a ṣe ń gbé ní ibi tí kò sí atẹ́gùn, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ gbéra lọ sí Máàsì. Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé Máàsì jẹ́ ìlú kan lẹ́yìn ìlú tó tẹ̀ lé tiwa.

Èmi kò gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ ni kí a máa rán lọ. Bí ẹ̀rọ bá já bọ́, a ó ṣe òmíràn. Bí ènìyàn bá já bọ́, ìyá rẹ̀ ńkọ́? Kò bú mi. Ó ní òótọ́ ni ewu náà, òun kò ní pè é ní kékeré. Ó wá ní kí n ronú sí èyí: ẹ̀rọ máa ń wo ibi tí a bá ní kó wò. Ènìyàn tó bá mọ òkúta yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ọ̀kan, ojú rẹ̀ yóò sì bọ́ sára èkejì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Mo ka ohun tí àwọn tó rìn níbẹ̀ sọ, mo wo àwọn òkúta tí wọ́n kó wá. Mo wo àwòrán tí ẹ̀rọ kékeré oníkẹ̀kẹ́ kan yà ní Máàsì: ilẹ̀ pupa, òkúta tó fọ́n káàkiri, eruku lórí ohun gbogbo. Ó jọ pápá ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ bàbá mi lásìkò ọyẹ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wá ewúrẹ́ nínú rẹ̀. Mi ò mọ ọjọ́ tí iyèméjì mi tán. Mo kàn rí i pé èmi ni mò ń bá àwọn ẹlòmíràn jiyàn nídìí tíì, tí ohùn mi ń lọ sókè, èmi tí kì í gbé ohùn sókè.

Iṣẹ́ tiwa ni bíríkì. Ẹni tó bá máa sùn lórí òṣùpá nílò ògiri tó nípọn, nítorí oòrùn ibẹ̀ kò ní ìbòjú, òkúta wẹ́wẹ́ sì ń já bọ́ láti òfuurufú. A kò lè máa ru bíríkì láti ayé lọ. Nítorí náà a ń lọ òkúta kan tó jọ ti òṣùpá di ìyẹ̀fun, a sì ń wá bí ìyẹ̀fun náà yóò ṣe di ara wọn mú nínú ìléru láìsí omi, nítorí kò sí omi tí ẹni tó wà níbẹ̀ lè fi ṣòfò. Wọ́n máa ń fọ́. Wọ́n fọ́ fún ọdún kan gbáko.

Kí fóònù alágbèéká tó dé ọ̀dọ̀ wa, bàbá mi máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ìṣẹ́ lọ sí Ìkẹ́rẹ́, sí ilé ìpè kan nítòsí ọjà. Yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí n ó fi pè ní Sátidé tí a bá dá. Ohùn wa máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Bí mo bá ní "Ẹ káàárọ̀, sà," mo máa ń gbọ́ tèmi padà kí tirẹ̀ tó dé. A ó kọlu ara wa, a ó jọ dákẹ́, a ó tún jọ bẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà kan, kò kí mi pẹ́. Ó ní Ìyá ń béèrè ìgbà tí mo máa wá. Ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn sí i. Wọ́n ti ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù l'Ádó, ó ní kò sí ẹni tó máa fi ọ̀bẹ kan ojú òun láyé. Ohun tó fẹ́ kò ju ọ̀kan lọ.

"Ó ní òun fẹ́ rí ojú rẹ kí tòun tó lọ," ni bàbá mi wí. "Kí ni kí n sọ fún un? Kí gan-an ni iṣẹ́ tí kò jẹ́ kó o wá?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń dúró de fóònù lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ìléru àti ìyẹ̀fun òkúta nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀. Mo gé e kúrú.

"Ẹ sọ fún un pé mò ń ṣiṣẹ́ lórí òṣùpá, sà."

 Ìdáhùn rẹ̀ pẹ́ ju bí jíjìn ọ̀nà ṣe lè fà á lọ.

"Lórí òṣùpá," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. N ó sọ ọ́ fún un bó o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Ní ọjọ́ Àìkú, mo máa ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo ń gé èékánná wọn, mo ń fi òróró pa ẹsẹ̀ wọn, mo ń ka ìwé ìròyìn sókè fún àwọn tí ojú wọn ti ṣú. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ní mo ní sùúrù, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá bàbá mi ni. Ó ní oríire ńlá ni fún ìyá náà, pé ó ní irú ọmọ-ọmọ báyìí. Mo gbé omi tó ti dọ̀tí, mo lọ dà á nù.

Nígbà tí mo tún pe Ìkẹ́rẹ́, Fọlákẹ́ ló gbé e. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ló ti ń kàwé, nítorí náà kò ṣòro fún un láti wá sí ilé ìpè náà. Mo gbọ́ pé ó ń gbé ẹ̀rín mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú òkè o. Òtútù ibẹ̀ kò kúkú pọ̀ jù?"

Mo bi í pé òkè wo. Ó wá rọra ròyìn. Ìyá ti dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò ìdúpẹ́, ó ní kí ìjọ bá òun gbàdúrà fún ọkọ òun tó ń ṣiṣẹ́ lórí òṣùpá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yọ̀. Àlùfáà sì gbàdúrà náà, ìjọ ṣe àmín. Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn wọn ní òun kò gbọ́ ọ rí pé ọkọ̀ òfuurufú ń dé ibẹ̀. Ìyá bi í pé níbo ni ọmọ tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ìlú Àgbàdo nítòsí wa ni. Ìyá ní kó yáa máa sọ ti Àgbàdo, kó fi òṣùpá sílẹ̀ fún àwọn tó ní ọmọ níbẹ̀.

"Ó tún ní kí n bi yín," ni Fọlákẹ́ wí, "ṣé ẹ ti pàdé ọkùnrin tó ru igi nínú òṣùpá, èyí tí wọ́n ní ó ṣẹ́gi lọ́jọ́ Ìsinmi? Ó ní tó bá bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ má dá a lóhùn."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tí ẹ̀rín náà tán, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbólóhùn náà wò. "Lórí." Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń sọ pé ìwé wà lórí tábìlì, òun náà la sì fi ń sọ pé a ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Kò sí ohun kan nínú gbólóhùn mi tó lè sọ fún arúgbó kan pé èyí èkejì ni mo ní lọ́kàn. Ìyẹn jẹ́ àṣìṣe tèmi, mo gbà. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bàbá mi sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní èdè Yorùbá. Irú gbólóhùn onítumọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ ló máa ń kọ sójú pátákó fún wa, tí á ní kí a tú u. Kò lè jẹ́ pé kò yé e.

Mo bi í ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo ní, "Bàbá, ẹ mọ ohun tí mo ní lọ́kàn."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi là á yé wọn?"

Ó ní tẹ́lẹ̀, bí mọ́tò bá dúró níwájú ilé wa, Ìyá á fọwọ́ tọ́ ògiri jáde, á ní ṣé èmi ni. Àwọn ará àdúgbò ń béèrè, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè. Ní báyìí, Ìyá ń sùn. "Kò sí ẹni tó ń bi ẹni tó wà lórí òṣùpá pé kí ló dé tí kò wálé Kérésìmesì," ó ní.

"Irọ́ sì ni, sà."

"Ta ló pa á? Ohun tí o sọ ni mo sọ." Mo rò pé ó ti parí. Ó tún ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "Bí o bá fẹ́ kí n tún un ṣe, sọ ọjọ́ tí ò ń bọ̀ fún mi. N ó tún un ṣe lónìí."

 Ohùn mi pẹ́ lójú ọ̀nà, ó rò pé òun ni kò gbọ́; ó ní, "Háló? Háló?" Mo ní n ó tún pe.

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ohùn àti jíjìn. Láti ayé dé òṣùpá, ohùn ènìyàn kì í pẹ́. Àwọn tó bá ń gbé níbẹ̀ lè bá ilé sọ̀rọ̀ bí èmi àti bàbá mi ṣe ń ṣe é, pẹ̀lú ìkọlù díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Máàsì bá jìnnà sí wa jù, ènìyàn á ní "Ẹ káàárọ̀," á lọ se tíì, á mu ún tán, ìdáhùn kò ní tíì dé. Kálukú á kàn máa sọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnìkejì. Mo kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ kan pé ìṣòro àwọn tó máa lọ sí Máàsì kì í ṣe ti atẹ́gùn àti omi nìkan: wọ́n máa di ẹni tí àwọn ará ilé kò lè bá jiyàn mọ́. Helen fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn náà, ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé báwo ni mo ṣe mọ̀.

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọkùnrin tó ru igi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ náà, pé ẹlòmíràn lè máa ṣọ́ ìléru. Ó ní, "Òṣùpá kò ní lọ síbì kankan. Ìyá rẹ ńkọ́?"

Kò sí ẹni tó dá mi dúró. Èyí ni mo fẹ́ kó yé ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ìwé ìrìnnà, kì í ṣe ọ̀gá. Àwọn bíríkì tuntun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìléru ni, èmi ni mo yí bí a ṣe ń lọ ìyẹ̀fun wọn padà, ọkàn mi sì ń sọ pé lọ́tẹ̀ yìí wọn kò ní fọ́. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Mo yẹ ìdí yìí wò láti iwájú, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn, mo ń wá èyí tó dára jù ú lọ lábẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí ó bá tutù tán, n ó lọ.

Kò fọ́. A gbé irin lé bíríkì náà, a fi kún irin náà, a gbé e sínú òtútù, a tún gbé e sínú iná. Kò fọ́. Helen gbé e mọ́ àyà, eruku rẹ̀ kun gbogbo aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹnìkan máa sùn lẹ́yìn ògiri yìí." Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ títí di òní: pé àwọn ènìyàn máa padà síbẹ̀, pé wọ́n máa ti ibẹ̀ lọ sí Máàsì, pé ó tọ́ kí wọ́n lọ.

Fọlákẹ́ ti ní fóònù alágbèéká nígbà náà, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ ní àdúgbò wa. Mo sáré jáde síta láti pè é, mo fẹ́ kí ará ilé mi kan gbọ́. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá kò ríran mọ́." Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan. Bàbá ni kò jẹ́ kí wọ́n pè mí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ara mi ni pé ayọ̀ náà kò kúrò. Ìbànújẹ́ dé, ó dúró, ayọ̀ kò dìde fún un lórí àga. Àwọn méjèèjì wà nínú mi pọ̀, eruku bíríkì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí Fọlákẹ́ jẹ́ kí n bá Ìyá sọ̀rọ̀.

Nẹ́tíwọ̀kì kò tíì máa wọ ilé wa. Ibi gíga kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń wọlé, nítorí náà Fọlákẹ́ fa Ìyá lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́, mo ń gbọ́ Fọlákẹ́ tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sétí.

"Ọkọ mi," ó ní.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"O jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Uṣẹ́ ńkọ́? Ṣé wọn kì í lò ọ́ jù lókè ibẹ̀?" Kó tó di pé mo dáhùn, ó ní kí n má ṣèyọnu nípa ojú òun. Bí oṣù bá yọ, Fọlákẹ́ ń sọ fún òun, òun sì ń kọjú sí apá ibẹ̀, kó má bàa dà bí ẹni pé òun kẹ̀yìn sí mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé mì. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi. Mi ò sí lórí òṣùpá. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Ìlú òyìnbó ni mo wà. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òṣùpá ni, bàbá mi ló… èmi ni mi ò sọ ọ́ dáadáa."

  Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí ọmọdé fẹ́ tàn jẹ.

"Má tàn mí, ọkọ mi. Tó bá jẹ́ ìlú òyìnbó lo wà, ṣé o ò ní ti wá wò mí kí ojú yìí tó lọ? Ọmọ ìyá aláṣọ ọ̀gangan wa yìí ń bẹ nílùú òyìnbó. Ṣebí ó wá lọ́dún Àjíǹde, ó sì padà."

Iṣẹ́ mi ni láti máa wá ibi tí àlàyé ti jò. Mo wá a nínú tirẹ̀, mi ò rí i. Ohun tó mọ̀ nípa mi ló fi ṣe ẹ̀rí, ó sì ti mọ̀ mí láti kékeré. Ẹni tó mọ̀ yẹn ìbá ti wá. Nítorí náà kò lè jẹ́ pé ìlú òyìnbó ni mo wà.

"Mò ń bọ̀, Ìyá," ni mo wí.

"Ṣé wọ́n á jẹ́ kó o sọ̀ kalẹ̀?"

"Wọ́n á jẹ́, mà."

Ọ̀sán ni mo dé Ìṣẹ́. Bàbá mi jáde pẹ̀lú awò ojú rẹ̀ lọ́wọ́, mo dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, ó ní káàbọ̀. Ó ti rù. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá wo ẹni tó ti òṣùpá dé. Bàbá tó ń sọ ti Àgbàdo wà lára wọn. Ó wò mí láti orí dé bàtà, ó ní ara mi kò ṣe bí ti ẹni tó rìn jìnnà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí àga rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nítorí pé bí mo bá dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó mi. Kò sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú orí mi. Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó fọwọ́ kan imú, ó ní imú bàbá mi nìyẹn. Ó fọwọ́ kan etí. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ lọ lábẹ́ ojú mi méjèèjì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kàwé. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì gbóná. 

"Ọ̀nà náà jìn?" ó bi mí.

Bàbá mi ń wò mí. Ó ti fi ìdáhùn kan sílẹ̀ fún mi tipẹ́, mo mọ̀, ó ti tọ́jú rẹ̀ fún mi lójú gbogbo ìlú. Kò ní ná mi ju kí n ní bẹ́ẹ̀ ni lọ. Inú ọkọ̀ òfuurufú, ènìyàn kò tíì sùn tẹ́rùn tí wọn á ti ní ó ti dé.

"Kò jìn, Ìyá," ni mo wí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró níbi tó dé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò tẹ̀ mí, kò sì kúrò. Lẹ́yìn náà ó gbé e, ó gbé e lé orí itan ara rẹ̀, ó sì kọjú sí apá ibi tí ohùn àbúrò mi ti ń wá.

"Fọlákẹ́," ó ní, "gbé uṣu kaná. Ebi á ti pa àlejò."